Àfọ́kù Àwo Lára Ògiri

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, èmi àti Rìsí aya mi jẹ máńgòrò nínú àwo kan ṣoṣo. Àwo pẹlẹbẹ funfun ni, etí rẹ̀ ní ìlà àwọ̀ ewé. Ó gé máńgòrò náà, ó ti èyí tó pọ́n jù sí ọ̀dọ̀ mi, òun sì ń fi eyín ha èyí tó kù lára kóró bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré, omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá. Nígbà tó dìde láti lọ ṣan àwo náà nídìí ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Ṣadé, má kó o dànù o. Èmi ni mo fọ́ ọ, èmi náà ni màá lẹ̀ ẹ́." Ó ṣa àfọ́kù rẹ̀ sínú agolo tòmátò, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó wá ní orí ń fọ́ òun díẹ̀, òun fẹ́ lọ na ẹ̀yìn. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti wà lójú títì Angondjé ní Libreville tí mò ń na ọwọ́ sí gbogbo tasí tó ń kọjá. Ilẹ̀ kò mọ́ bá a.

Láti ìgbà náà ni agolo yẹn ti wà níbẹ̀. Ẹni tí a kò bá tọ́ nínú ilé tí a ti tọ́ àwa méjèèjì kò lè mọ ìdí tí agolo kan fi lè mú kí àgbàlagbà máa rìn yí ilé ká. Mo jókòó láti kọ èyí, mo dìde. Mo lọ wò ó bóyá ẹ̀rọ omi ń kán, kò kán. Mo wọ bàtà, mo wọ tasí dé ọjà PK8, mo ń yọjú sí ìsọ̀ kan dé òmíràn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, mo sì padà wálé láìra nǹkan kan. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, mo sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó. Ó rọrùn láti sọ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ nínú àgbàlá bàbá mi, ní ọdún tí Rìsí dé bá wa níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ lọ.

Àdúgbò Atong Abè, ní Libreville, ni àgbàlá náà wà. Àwọn yàrá kọjú síra, ilé ìdáná wà láàárín, òrùlé páànù tó ti dógùn-ún sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀, débi pé bí òjò bá rọ̀, ńṣe là ń pariwo kí a tó lè gbọ́ ara wa. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ohùn rédíò àti ìró ìgbálẹ̀ ìyá mi ni yóò kọ́kọ́ jí mi, lẹ́yìn náà ni màá gbọ́ ìró tí n kò tún gbọ́ níbòmíràn mọ́: bàbá mi ń fi igi ro ìkarahun nínú àgbá omi, wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, bí ìgbà tí òkun ń fa òkúta padà sínú. Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni bàbá mi ti wá. Bíríkìlà ni, ṣùgbọ́n ilé kíkọ́ kọ́ ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde ní Libreville. Ohun tó mọ̀ jù ni kí ó mú ìkarahun, dígí fífọ́ àti àfọ́kù àwo, kí ó tẹ̀ wọ́n mọ́ sìmẹ́ǹtì tútù lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìkòkò òdòdó lásán yóò fi máa kọ mànà bí ara ẹja. Àwọn ọlọ́rọ̀ tí ilé wọn wà létí òkun a máa pè é kó wá fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí ìjókòó inú ọgbà wọn àti òpó ẹnu ọ̀nà wọn. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á ní kó gba ẹ̀yìn jáde. Ìyẹn kò dùn ún. Ó máa ń sọ pé òpó tó wà níwájú ló ń ṣojú òun.

Ògiri ilé ìdáná wa ni iṣẹ́ tí kò gba owó ẹnikẹ́ni lé. Nílé wa, a kì í da àwo tó bá fọ́ nù. Nígbà tí ìyá mi ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun ló fọ́ àwo àkọ́kọ́ tí wọ́n rà ní ìlú yìí, ó sì sunkún. Bàbá mi ní kó má sunkún mọ́, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kó lè máa rí i bó bá ń dáná. Ibẹ̀ ló ti di àṣà. Ẹni tó bá fọ́ àwo yóò ṣa á sínú agbọ̀n. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú dáadáa, bàbá mi á po sìmẹ́ǹtì, kálukú á sì tẹ èyí tó fọ́ mọ́ ògiri fúnra rẹ̀, àwọn ìkarahun á yí i ká. Ẹnìkan kì í bá ẹlòmíràn tẹ tirẹ̀. Nítorí èyí, wọn kì í lu ọmọ tó bá fọ́ àwo nílé wa, àwọn ọmọ àdúgbò sì rò pé a lọ́lá ju bí a ṣe lọ́lá lọ. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó ń gbé ní yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, a máa na ọ̀pá sí ògiri náà, a ní, "Ohun tí kò bá ríbi lẹ̀ mọ́, omi ni yóò gbé e lọ." Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń dún létí mi báyìí ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn mísà, a ó gbé àpò, a ó lọ sí ibi tí omi odò ti ń pàdé omi òkun. Àwọn igi kan wà níbẹ̀ tó ń dúró lórí gbòǹgbò wọn nínú ẹrẹ̀, bí àgbàlagbà tó ká ṣòkòtò sókè kí omi má bàa tọ́ ọ. Bí omi bá fà sẹ́yìn, o kò ní rí èèpo gbòǹgbò náà rárá. Ìkarahun ló bò ó láti òkè délẹ̀, ìkarahun lórí ìkarahun, òkú lábẹ́, alààyè lókè, gbogbo rẹ̀ gbágun-gbàgun, etí rẹ̀ mú bí abẹ. Wítìrì ni wọ́n ń fi èdè Faransé pe ẹran omi inú rẹ̀ níbí. Àwọn obìnrin tó ń sè é tà máa ń da ìkarahun òfìfo jọ sí etí omi bí òkìtì, ìyẹn la ń ṣà. Abẹ́ àwọn ọkọ̀ tí wọ́n dojú wọn délẹ̀ náà kò yàtọ̀: èépá funfun kéékèèké bò ó, ó le ju igi ọkọ̀ lọ. Mo bi bàbá mi léèrè pé ṣé kì í dun igi pé nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn báyìí. Ó wo igi náà títí. Ó ní, "Kò tíì ṣàròyé fún mi." Lónìí, mo ń ronú pé bóyá igi ló yẹ kí n bi.

Bí a bá kó ìkarahun dé, inú àgbá òjò ló ń lọ, nítorí ọ̀tá sìmẹ́ǹtì ni iyọ̀. Bàbá mi á rẹ ẹ́, á ro ó, á da omi nù, á tún òmíràn bù. Kò ní ìwọ̀n kankan tó fi ń mọ̀ pé ó ti tó, àfi ahọ́n. Á mú ìkarahun kan láti ìsàlẹ̀ àgbá, á nà án sí mi: "Àkànní, tọ́ ọ wò." Èmi á là á. Bí mo bá yí ojú, ó ku ọjọ́ mìíràn. Bí ojú mi kò bá yí, iṣẹ́ yá nìyẹn. Ibi tí mo ti ń lá ìkarahun lọ́wọ́ ni Rìsí ti kọ́kọ́ rí mi. Àwọn òbí rẹ̀, mùsùlùmí ọmọ Ìbàdàn tó ń ta bàtà lọ́jà, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù wọn wọ yàrá tó kọjú sí ilé ìdáná. Ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ dúró, ó wò mí, ó pariwo:

"Màámi! Wọ́n ń lá ìkarahun níbí o!"

"Wọlé kíá," ni ìyá rẹ̀ dáhùn láti inú yàrá. "A ò tíì mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́."

Ìyá Àgbà gbọ́ ọ. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àpótí rẹ̀, kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ìyá Rìsí, ẹ kú ọ̀nà o. Ẹ fọkàn balẹ̀, a máa ń jẹun kí a tó lá a."

Ẹ̀rín tí Ìyá Rìsí rín lọ́jọ́ náà ni kò jẹ́ kí ó jẹ́ àlejò sí wa pẹ́. Bí òun àti ọkọ rẹ̀ bá ti lọ sọ́jà láàárọ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ni Rìsí ń gbé. Ìyá Àgbà ní àwo kan tó gbé wá láti Kétu, funfun, òdòdó búlúù kan sì wà láàárín rẹ̀. Inú rẹ̀ nìkan ló ti ń jẹun, kò sì pe ẹnikẹ́ni sí i rí, títí kan èmi. Ṣùgbọ́n ó ń pe Rìsí. Àwọn méjèèjì á jókòó lórí ẹní, ọwọ́ wọn á máa pàdé nínú àwo, Ìyá Àgbà á yọ egungun ẹja, á fi ẹran ẹja lé orí gbágùúdá sísè fún un. Ó ká mi lára.

"Ìyá Àgbà, èmi ò jẹun nínú àwo yẹn rí."

"Ìwọ kẹ̀? Ìwọ tó ń lá ìdí àwo bí ajá? Rìsí ń jẹun bí ènìyàn."

Rìsí na ahọ́n sí mi, ẹja wà lórí ahọ́n náà. Mo sọ ìtàn yìí lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo tún sọ ọ́ fún àwọn tó wá kí mi láìpẹ́ yìí, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì wo ilẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà dé, Ìyá Àgbà ní òun fẹ́ lọ wo ilé. Ara rẹ̀ kò le tó ti àtijọ́, gbogbo wa sì mọ̀ pé kò ní padà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń sọ ohun tó máa bá wa mú bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń di ẹrù, òun àti Rìsí jẹ ẹ̀wà nínú àwo rẹ̀. Ó nu àwo náà, ó ń fi aṣọ wé e kí ó lè gbé e lọ, ó bọ́, ó fọ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Ìyá Àgbà wo àfọ́kù náà, ó ní, "Ó dáa. Wọ́n ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Èmi ń lọ, mo fi ìkarahun tèmi sílẹ̀ fún yín." Bàbá mi po gbogbo sìmẹ́ǹtì ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà lọ́jọ́ náà gan-an, kí kálukú lè tẹ tirẹ̀, nítorí kò sí àkókò mọ́. Ẹ̀rọ omi gbẹ lójú pópó, ó bá bu omi inú àgbá ìkarahun, èyí tí mo ti tọ́ wò ní ìrọ̀lẹ́ àná tí kò níyọ̀. Ìyá Àgbà tẹ òdòdó búlúù rẹ̀ mọ́ ògiri, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, ó ní, "Ẹ ti rí mi o. Ibí yìí ni mo wà." Ó lọ.

Òjò àkọ́rọ̀ ló tú wa fó. Lẹ́yìn rẹ̀, ohun funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára ògiri, bí òwú, ó ń tàn kálẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀yìn náà ni àwọn ìkarahun bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. A ó máa jẹun, a ó gbọ́ pó. A ó dákẹ́, a ó tún gbọ́ pó. Bàbá mi kò lè jókòó. Á dìde nídìí oúnjẹ, á lọ fi ọwọ́ gbá ògiri, á padà, á tún dìde. Ní ọ̀sẹ̀ tí òdòdó búlúù náà já bọ́ ni ará Kétu kan sọ̀ kalẹ̀ láti Kùtọnú, ó wá bá wa nílé, ó ṣí fìlà. Ó ní a ti sin Ìyá Àgbà. Nígbà tí àlejò náà lọ tán, bàbá mi fi ìka ha funfun ara ògiri, ó fi kan ahọ́n. Ó ní, "Iyọ̀." Ó wò mí, mo gbọn orí, ó mọ̀ pé mo ti tọ́ omi àgbá náà wò tí kò níyọ̀. Ìyá Rìsí ló dìde níbi tó wà, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu.

"Bàbá Àkànní, èmi ni o. Ìkarahun yẹn ń rùn, mo ní kí n bá yín fọ̀ ọ́ kí n tó lọ sọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Àgbà lọ. Mo da iyọ̀ sí i, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Ṣebí bí a ṣe ń fọ ìgbín nílé nìyẹn? Ṣebí iyọ̀ ló ń gé ọ̀yọ̀ rẹ̀?" Ó ti kúnlẹ̀. "Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kó bá yín lójijì ni."

Ìyá mi ti fẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá mi na ọwọ́ sí i. Ó ní, "Ẹ dìde, Ìyá Rìsí. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fẹ́ fi ògiri mi se ọbẹ̀." Bó ṣe ń sọ ọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Rìsí náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Ògiri ṣeé tún ṣe. Àwo Ìyá Àgbà ló kù. Kálukú fi ọwọ́ rẹ̀ tẹ tirẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ta ni yóò tẹ ti ẹni tí kò sí? Ìyá mi ní kí a kó o fún ẹni tó ń lọ sí Kétu, kí ó lọ sin ín sí ẹsẹ̀ sàréè rẹ̀. Bàbá mi kọ̀, ó ní ìyá òun sọ ibi tí òun wà. Ṣùgbọ́n òun náà kò tẹ̀ ẹ́. Òdòdó búlúù náà wà nínú agbọ̀n, bàbá mi ń rìn yí i ká. N kò mọ ohun tó ń ṣe é nígbà náà. Lọ́jọ́ kan tí òjò dá díẹ̀, ó pe gbogbo wa jáde sí àgbàlá, ó béèrè pé, "Ta ló bá a jẹun gbẹ̀yìn nínú àwo náà?" Gbogbo wa wo Rìsí.

"Ọmọ tèmi?" ni Ìyá Rìsí wí. "Bàbá Àkànní, a kì í ṣe ẹbí yín."

"Ẹni tó bá ìyá mi jẹ nínú àwo kan, kí lẹ fẹ́ kí n máa pè é?"

Rìsí bọ́ síwájú. Bàbá mi fi sìmẹ́ǹtì sí ojú ibẹ̀, ó wá kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, kò sì ràn án lọ́wọ́. Ọmọ náà fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ètè rẹ̀ ká wọ inú àlàfo eyín rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó ti tó?" Bàbá mi ní, "Má bi mí. Máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Bó bá ń ti ìwọ náà padà, mú ọwọ́ kúrò." Ó tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lójijì ó yọ ọwọ́, ó bojú wo gbogbo wa, ó ní, "Ó tì mí!"

Wọ́n ti wó àgbàlá náà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Èmi àti Rìsí gbé àṣà náà wá sí Angondjé, sára ògiri tó wà nídìí ẹ̀rọ omi. Àwo tí òun fọ́ pọ̀ níbẹ̀ ju tèmi lọ, ife tí Ṣadé ọmọ wa fọ́ nígbà tó ń kọ́ ìrìn sì wà nísàlẹ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ tó lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ṣadé rí agolo náà. Èdè Faransé ló rọrùn fún un, ṣùgbọ́n ó máa ń fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀ bó bá ń fẹ́ kí n gbọ́ tirẹ̀. Ó ní, "Pápà, ẹ jẹ́ kí n kó o lọ. Mo mọ ẹnìkan tó lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀, á tún padà di àwo." Mo ní rárá. "Ṣé ẹ máa wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ni?" Mo ní mi ò mọ̀. "Ẹ ò tẹ̀ ẹ́, ẹ ò jẹ́ kí n gbé e. Kí lẹ wá fẹ́?" Mo mọ ìdájọ́ bàbá mi, mo sì mọ ẹni tó bá a jẹ máńgòrò. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí agolo náà bá wà nílẹ̀, iṣẹ́ kan wà tó sọ pé òun máa ṣe tí kò tíì ṣe. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, kò ku nǹkan kan tí mò ń retí rẹ̀ fún.

Láàárọ̀ òní, ojú ọ̀run ṣú láti apá òkun. Ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, sìmẹ́ǹtì kò ní gbẹ bó ṣe yẹ, agolo náà á kún fún omi, á di ọdún tó ń bọ̀, n kò sì mọ̀ bóyá mo wà. Mo lọ sí ìsọ̀ ọmọ Benin kan tó wà ní ìkòríta wa. Ó ní, "Bàbá, ilé lẹ fẹ́ kọ́ ni?" Mo ní àwo kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lẹ̀. Ó wò mí, ó bu sìmẹ́ǹtì sínú ọ̀rá fún mi, kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Mo bu yanrìn nínú òkìtì tí àwọn tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dà sílẹ̀, wọ́n fún mi láyè. Kí n tó pò ó, mo mú díẹ̀ sórí ahọ́n. Ó níyọ̀, etí òkun ni wọ́n ti kó o. Mo fọ̀ ọ́ nínú báàfù, mo da omi rẹ̀ nù, mo tọ́ ọ wò, mo tún fọ̀ ọ́. Oòrùn ti ga kí ojú mi tó ṣíwọ́ yíyí. Mo ṣan àfọ́kù àwo náà. Okùn máńgòrò kan ti gbẹ mọ́ ọ̀kan nínú wọn, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo po sìmẹ́ǹtì, ó kọ́kọ́ ṣàn jù, mo fi kún un. Mo rẹ́ ẹ mọ́ àlàfo tó wà lókè ife Ṣadé, mo tò wọ́n bí ìlà àwọ̀ ewé náà ṣe lọ, mo sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ní okùn máńgòrò ni mo fi ṣe ìkẹyìn. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó tí mo fi dúró síbẹ̀, eékún mi ń dùn mí, òjò ti ń kán sí mi lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ó tì mí padà. Mo mú ọwọ́ kúrò, mo sì fi páànù kan bò ó.